Káàdì Ẹlẹ́ni-Méjì

Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í pè é ní orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ó bá ń dirun fún ọmọdé, ọmọ náà lè sùn lọ lórí itan rẹ̀ kí ó tó dì í tán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ni ẹ̀rọ̀ náà mọ. Bí obìnrin yìí bá ti pinnu nǹkan lọ́kàn, ẹ kúkú lọ bẹ òkè pé kó yẹ̀ lọ́nà, torí òun ò ní yẹ̀.

Bàbá rẹ̀, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún kọṣẹ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún kọṣẹ́, ahọ́n sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ dúró, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú ńlá kan ní ìlú mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ irú wọn ní ìrìn àti ọ̀rọ̀ sísọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin nìkan ló ń débẹ̀ tààrà, owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń gbọ́n àpò ẹni gbẹ.

Ọmọ méjì péré ni Bàbá bí: Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí í ṣe káfíńtà. Lásìkò yìí, àwọn méjèèjì kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tó fà á nìyí. Lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, Káfíńtà ní kí Bàbá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, torí ilé òun ò ní àtẹ̀gùn, ìyàwó òun á sì máa gbọ́ oúnjẹ fún un. Bàbá ní òun ò lọ. Ọwọ́ òun lòun fi to gbogbo bíríkì ilé òun, inú rẹ̀ lòun máa wà. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbè sẹ́yìn Bàbá. Ọ̀rọ̀ di ariwo, inú bí i, ó sì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ilé lẹ ń wá, ẹ ò wá Bàbá." Káfíńtà ò fèsì lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí Bàbá ṣubú ló tó fèsì, lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, níwájú àwọn nọ́ọ̀sì: "Ṣé o ti rí i báyìí? Ìwọ lo tì í ṣubú." Láti ọjọ́ náà, kálukú ń dá lọ kí Bàbá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kálukú ń san owó tirẹ̀ ní pípé, wọn ò sì jẹ́ pàdé.

Ní ọjọ́ kan tí ó kan Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ láti lọ, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú Bàbá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀. Bàbá yín lágbára, ó sì tún lágídí, èyí tó dáa fún irú àìsàn yìí. Lọ́sẹ̀ tí ẹnìkan yín bá wá, á dìde dúró, á gbìyànjú ọ̀rọ̀, á jẹun. Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá, á kọjú sógiri. A bẹ̀ ẹ́ títí, kò ní yíjú padà. Oògùn wà, iṣẹ́ wa wà, ṣùgbọ́n a ò lè rọ́pò yín."

"Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ fẹ́ ká máa wá?"

"Bó bá ṣeé ṣe, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"Á ṣeé ṣe," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí. Ó ti wí i tán kó tó rántí pé òun ò mọ bó ṣe máa ṣeé ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó sójú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ó fi ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo fẹ́ máa lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá ń san iye tí mò ń san yìí, ebi á pa mí kú kí ara wọn tó yá. Mo gbọ́ pé ẹ ní káàdì ẹ̀dínwó."

Obìnrin náà gbé awò ojú wọ̀. "A ní oríṣiríṣi. Ṣé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín?"

"Mà, àwọn tí a jọ kàwé ti ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Èyí wà fún àwọn tó ń wọkọ̀ lójoojúmọ́ lọ síbi iṣẹ́. Tẹ̀yin ò tó bẹ́ẹ̀, ẹ máa pàdánù ni. Pásì àwọn tó ń gba ìsinmi nìyí, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ lè lọ, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń ṣiṣẹ́." Ó ń fi ìka ti àwọn ìwé pélébé náà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dúró lórí ọ̀kan. "Èyí ló dáa jù nínú gbogbo wọn. Káàdì ẹlẹ́ni-méjì. Ẹ san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọdún kan gbáko lẹ máa fi lò ó. Ìdajì owó ni kálukú yín á máa san, bí ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ bá ti lè kọjá lọ. Àmọ́, ẹni méjì tí fọ́tò wọn wà lórí rẹ̀ nìkan ló lè lò ó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ rìn. Ẹnìkan ò lè dá a lò. Ṣé ẹ lọ́kọ?"

"Ó ti ṣaláìsí, mà."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Ṣé ẹ ní ẹlòmíràn tó ń gba ọ̀nà yẹn?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ń yí ìwé pélébé náà síwá sẹ́yìn. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Mo ní ẹ̀gbọ́n," ló wí, ó wá dà bíi pé ẹlòmíràn ló sọ̀rọ̀ náà.

Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń fá pákó, eruku pákó bò ó títí dé ìpéǹpéjú. Ó kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi." Nígbà tí Káfíńtà rí ẹni tó ń kí òun, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á.

"Ṣé Bàbá ni?"

"Bàbá wà. Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni mo bá wá."

Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Káfíńtà ń gbọ́, ó ń fi ọwọ́ pa ara pákó náà bí ẹni ń pa ara ẹṣin.

"Kí èmi àti ìwọ wá jókòó pọ̀ nínú ọkọ̀?"

"Mi ò ní kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n. Ìjókòó ni mo ní kí ẹ jókòó."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ yẹn ni mo máa ń ti ṣọ́ọ̀bù."

"Ìwọ lò ń tì í. Ọjọ́ tí gbogbo ayé ń wá ajé ni kí èmi ti tèmi?"

"Ẹ máa ṣí i lọ́jọ́ Àìkú dípò rẹ̀."

"Ìyàwó mi á lé mi jáde nílé."

"Ẹ máa sùn sí ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń kan bẹ́ẹ̀dì fún gbogbo àdúgbò."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Káfíńtà, ó yára fún ètè pọ̀. "Tí mo bá ní mi ò ṣe ńkọ́?"

"Mo máa padà wá lọ́la. Bẹ́ ẹ bá tún ní ẹ ò ṣe, mo máa wá lọ́tùn-únla." Ó fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ara rẹ̀, ó jókòó lé e. Ohùn rẹ̀ wá sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ọ̀sì ní ó máa ń kọjú sógiri."

"Ta ló ń kọjú sógiri?"

"Bàbá. Lọ́sẹ̀ tí a ò bá wá."

Ọwọ́ Káfíńtà dúró lórí pákó. Ní ìta, ẹnìkan ń fọn fèrè ọkọ̀ sí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, wọ́n bú ara wọn, wọ́n sì lọ. Káfíńtà gbọn eruku dànù lọ́wọ́.

"Irú fọ́tò wo ni wọ́n ní ká mú wá?"

Nínú fọ́tò tó yà, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n jẹ ní ṣéńjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àbúrò rẹ̀, ojú kan lókè, ojú kan nísàlẹ̀, káàdì náà sì di tiwọn, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ kálukú.

Ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, wọ́n jọ wọkọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ṣe jókòó sẹ́bàá fèrèsé, Káfíńtà kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó sì fi ìwé ìròyìn bojú. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lójú ọ̀nà náà gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Fi-Hàn-Mí ni àwọn èrò sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, kódà kó tó kíni.

"Ẹ fi hàn mí." Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì, ó wo káàdì. "Ẹnì kejì yín dà?"

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi àgbọ̀n júwe ẹ̀yìn.

"Èyí tó fi bébà bojú yẹn? Mà, ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn káàdì yìí ni pé ẹ gbọ́dọ̀ jọ rìn."

"A jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà."

"Gbogbo wa la jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, mà. Ṣé kí n wá fún gbogbo èrò ní ẹ̀dínwó?"

Ẹ̀rín bú jáde. Káfíńtà ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó dìde, ó wá jókòó ti àbúrò rẹ̀, ó sì gbé àpò oúnjẹ Bàbá sáàárín wọn bí ẹni ń mọ ògiri. 

Nígbà tí wọ́n jọ yọ sí Bàbá lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Bàbá wo ọmọbìnrin, ó wo ọmọkùnrin, ó sì tún wo ẹ̀yìn wọn, bóyá ẹni tó fi tipá kó wọn wá ṣì ń bọ̀. Ó wá na ọwọ́ òsì, ó di ọwọ́ Káfíńtà mú, ó gbé e lé orí ọwọ́ Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Ó kàn ń tẹ ọwọ́ náà mọ́ra wọn, bí ìgbà tó bá ń tẹ bíríkì mọ́ símẹ́ńtì.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Òjò tí ì báà rọ̀, oòrùn tí ì báà ràn, wọ́n ń lọ. Nígbà tí òtútù mú Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀, ó lọ tòun ti ikọ́, ó bo imú àti ẹnu. Nígbà tí olówó kan fẹ́ gbé iṣẹ́ ńlá fún Káfíńtà, tó ní àfi kí ó máa wá kan án lọ́jọ́ Ajé, Káfíńtà ní kó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó fọwọ́ lérí, ṣùgbọ́n kò lé e jáde.

Bàbá náà ò jókòó tẹtẹrẹ. Ó kọ́kọ́ dìde dúró. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín irin méjì, òógùn á bò ó, á máa kùn sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ ọ̀lẹ wí. Ọ̀rọ̀ ló le fún un jù. "Omi" jáde, "rárá" jáde, ó sì fẹ́ràn "rárá" púpọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀, Káfíńtà àti àbúrò rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan ni: bàtà tó máa dáa fún un, oúnjẹ tí kò jẹ tán, nọ́ọ̀sì tó mọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú méjì tí wọ́n ti sọ síra wọn ṣì jókòó sáàárín wọn bí èrò kẹta tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì. Fi-Hàn-Mí ò sì lè lé irú èrò bẹ́ẹ̀ sọ̀kalẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ dé ibùdókọ̀, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì àwọn méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà. Káfíńtà ò yọ. Ó pè é lórí fóònù, ó dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Wọ́n fun fèrè ọkọ̀. Ọkàn rẹ̀ ní kó dúró, ṣùgbọ́n ojú Bàbá tó kọjú sógiri ló ń rí. Ó fò wọ inú ọkọ̀.

Fi-Hàn-Mí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó wo ìjókòó tó ṣófo.

"Mà, ẹnì kejì yín dà?"

"Kò tètè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ̀ wá. Gbogbo ọ̀sẹ̀ lẹ máa ń rí wa."

"Mo mọ̀ yín dáadáa, mà. Òfin ni kò mọ̀ yín. Bí mo bá gbójú fo tiyín, ọ̀gá mi lè wọlé sínú ọkọ̀ yìí nígbàkigbà, èmi ló máa bi. Ẹ san owó rẹ̀ ní pípé pẹ̀lú ìtanràn, tàbí kí ẹ sọ̀kalẹ̀ níbi tó kàn." Ó dá káàdì náà padà fún un. "Ó dùn mí o. Ẹ bá mi kí Bàbá."

Kò ní iye tó béèrè. Ó sọ̀kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kékeré kan, ibi tí kò ní ju bẹ́ǹṣì kan, fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì kan àti ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń ta tíì àti búrẹ́dì. Ó béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì lásán, láìlo káàdì, á jẹ́ láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ohun tó kù lápò rẹ̀ kò tó o. Tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ń padà sílé nìkan lówó rẹ̀ lè rà.

"Mi ò padà," ló wí sókè. Kò sí ẹni tó bi í.

Ìyá oní-tíì gbójú sókè. Gèlè rẹ̀ ti yẹ̀, irun rẹ̀ ti tú níwájú orí, ó rí wúruwùru. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wo orí náà bí àgbẹ̀ ṣe ń wo ilẹ̀ tí wọn ò tíì ro.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n bá yín di orí yìí. Owó tíkẹ́ẹ̀tì láti ibí dé ìlú yẹn ni mo máa gbà."

"Háà! Ṣé wúrà lo máa fi dì í ni?"

"Ọwọ́ mi ni. Bí ó bá dùn yín lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ má san nǹkan kan."

Ìyá oní-tíì wò ó tìyanutìyanu, ó wo ibùdókọ̀ tí kò sí oníbàárà, ó sì jókòó. Òòyà kì í wọ́n nínú àpò Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀. Ó yà á, ó pín in, ó bẹ̀rẹ̀. Ó ti dé ìdajì orí nígbà tí ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀ wọlé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, tí ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ aṣọ ayẹtíkẹ́ẹ̀tì-wò sì ṣe sùúrù mú ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀.

"Mo ní àbúrò mi wà nínú ọkọ̀ iwájú!" ni ọkùnrin náà ń wí.

"Tó bá wà nínú ti iwájú, sà, kò sí nínú tiwa nìyẹn."

Ilẹ̀kùn padé, ọkọ̀ lọ. Káfíńtà yíjú, ó rí àbúrò rẹ̀ tó fi eyín di òòyà mú.

"Kí ni ìwọ ń ṣe níbí?"

"Kí lẹ̀yin ń ṣe níbí?"

"Wọ́n lé mi sọ̀kalẹ̀ ni."

"Wọ́n lé èmi náà."

"Ṣé ẹ jọ jalè ni?" ni Ìyá oní-tíì bi wọ́n.

Káfíńtà ṣàlàyé. Oníbàárà kan ló wá gbé àpótí aṣọ tí òun kàn fún un, kò wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀rọ̀, wọ́n ń yí i síbí, wọ́n ń yí i sọ́hùn-ún. Ìgbà tí wọ́n gbé e lọ tán lòun rántí pé fóònù òun wà nínú ọ̀kan lára àwọn dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Òun sáré dé ibùdókọ̀, òun rí i pé ọkọ̀ ti lọ, òun fi káàdì ra tíkẹ́ẹ̀tì òun, òun sì wọ èyí tó kàn.

"Mo rò pé ẹ ò fẹ́ wá mọ́ ni," Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ wí.

"Èmi? Ta lo pè mí ná?" Ojú Káfíńtà le. "Àbí o ṣì rò pé ilé ni mò ń wá lọ síbẹ̀?"

Òòyà dúró. Ọ̀rọ̀ náà ti dé. Kò sẹ́ni tó lè fi bàtà tàbí oúnjẹ Bàbá bò ó mọ́lẹ̀ mọ́.

"Má dúró o, ọmọ mi," ni Ìyá oní-tíì wí. "Ìdajì orí mi ṣì wà níta."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ tún gbá irun mú. Ó ń dì í bó ṣe ń sọ̀rọ̀, kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ tí mo sọ ọ́ gan-an ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kó dùn yín ni."

"Ó dùn mí."

"Tiyín náà dùn mí. Ẹ ní èmi ni mo ti Bàbá ṣubú. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn kankan mọ́ kí n má gbọ́ ọ."

Káfíńtà jókòó sí etí bẹ́ǹṣì. Ó kọjú sí ojú irin. "Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ yẹn. Bàbá tó lè gbé àpò símẹ́ńtì méjì, tí ẹnu rẹ̀ wá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀rù bà mí, mo wá di ẹrù náà lé ọ lórí."

"Ṣé ẹ ti wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí?"

"Mo ti sọ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, àbúrò mi. Má bínú."

"Ẹ̀yin náà, ẹ má bínú sí mi."

"Ẹni tó bá fẹ́ sunkún, kó má sun ún sí mi lórí o," ni Ìyá oní-tíì wí, ṣùgbọ́n òun alára ti ń fi etí gèlè nu ojú.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ nu tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ń bọ̀ láìpẹ́. Ẹ wá di ibí yìí mú fún mi."

Káfíńtà, tó ń fi òòlù lu ìṣó láti àárọ̀ dalẹ́, fi ìka méjì di irun náà mú bí ẹni di ẹyin mú. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ṣì ń so ìparí rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ fèrè ọkọ̀ lókèèrè. Ìyá oní-tíì wo ara rẹ̀ nínú dígí fóònù, ó yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì san owó náà pé pérépéré. Ó tún ju búrẹ́dì méjì sínú àpò wọn.

"Ẹ ò gbọdọ̀ jà nínú ọkọ̀ o. Ẹ máa ba orí mi jẹ́ tẹ́ ẹ bá jà."

Tíkẹ́ẹ̀tì wọn ṣì ṣeé lò lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti di méjì padà. Wọ́n jókòó pọ̀, àpò wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n di káàdì mú lọ́wọ́ láti fi han ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀, kò sẹ́ni tó wá yẹ ohunkóhun wò.

"Ayé yìí ò dáa," ni Káfíńtà wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí èèyàn fi ń wò wọ́n.

Wọ́n sáré láti ibùdókọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìtọ́jú, àwọn àlejò mìíràn ti ń jáde. Nọ́ọ̀sì pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ yára. Kò jẹ́ ká gbé òun wọlé láti ọ̀sán. Ó ní rárá, rárá, rárá."

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Bó ṣe rí wọn, ó fi ọwọ́ òsì di irin ara ògiri mú, ó ti ara rẹ̀ sókè, ó sì dìde dúró láìsí ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Ẹnu rẹ̀ ń mì. Gbogbo wọn dúró dè é.

"Ẹ pẹ́," ni Bàbá wí.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ bú sẹ́kún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni òun, Bàbá kò sì fìgbà kan pè é ní "ẹ" láyé rẹ̀. Kò sọ pé "o pẹ́" fún un, kò sọ ọ́ fún Káfíńtà. Àwọn méjèèjì ló pa pọ̀ bá wí.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí dókítà ní ó tó lọ sílé, tí á kàn máa wá fún àyẹ̀wò lóṣooṣù, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ ní, "Káàdì wa ṣì wà níbẹ̀, a ó máa mú wọn wá." Dókítà wá bi wọ́n pé ilé ta ni Bàbá máa gbé. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì yíjú sí Bàbá.

"Ilé mi," ni Bàbá wí.

Káfíńtà mí kanlẹ̀. "Ó dáa, Bàbá. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lẹ máa sùn o. Lórí ìyẹn, mi ò ní gbà."

Bàbá rò ó títí. Ó mi orí pé òun gbà.

Káfíńtà kó gbogbo ẹrù inú yàrá ìsàlẹ̀ jáde, ó kan bẹ́ẹ̀dì tó kúrú, ó sì kan igi ìdìmú mọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà dé ilé ìwẹ̀. Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ gbà láti máa wá láràárọ̀ kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó Káfíńtà gba ọ̀sán, Káfíńtà gba ìrọ̀lẹ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn.

Ní ọjọ́ tí Bàbá wọlé, ó dúró lórí ọ̀pá, ó fi ìka gbá igi ìdìmú náà, ó tẹ́tí sí i. Ó tẹjú mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ó... wọ́," ló wí.

"Kò wọ́, Bàbá."

"Ó wọ́."

Káfíńtà mú okùn, ó wọ̀n ọ́n. Ó wọ́ díẹ̀ lápá ìparí. Ó tú u, ó tún un kàn, Ọwọ́-Ẹ̀rọ̀ sì ń kó ìṣó fún un, ó ń rẹ́rìn-ín sínú. Nígbà tó parí, Bàbá sún mọ́ ọn. Kì í ṣe ọwọ́ òsì ló nà sí i. Ọ̀tún ni, ọwọ́ tó ti kọṣẹ́ tipẹ́. Ó gbé e lé orí igi náà, ó ń wò ó, àwọn ìka náà sì ń ká mọ́ igi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n, títí gbogbo wọn fi dì í mú. Ó gbé ẹsẹ̀. Ó tún gbé òmíràn. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, wọ́n la ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbá ọmọ tuntun mú.

Ó dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó yíjú padà, ó wò wọ́n.

"Ẹ jáde," ni Bàbá wí. "Mo fẹ́ wẹ̀."